Iná Abẹ́ Agboòrùn Nana Hemaa

Àìkú, 21 oṣù Kẹrin. Akwasidae, ọjọ́ ọdún ààfin.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ya fọ́tò ní Odumkrom, nílẹ̀ Asante. Ẹnì kankan ò fi iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín rí, àfi lónìí.

Nana Hemaa, ọbabìnrin ìlú wa, ní kí n gbé àwọn àwòrán ọdún wá kí àwọn tó bọ́ wúrà ọwọ́ wọn. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí síwájú wọn, mo ṣí èyí tó dára jù. Agboòrùn wọn pupa fòò nínú oòrùn. Wúrà ń kọ mànà. Aṣọ kẹ́ńtẹ̀ wọn yọ débi pé èèyàn lè ka òwú rẹ̀. Nana na ọrùn, wọ́n wò ó títí.

"Fofie, ta lo gbé aṣọ mi wọ̀?"

"Nana, ẹ̀yin náà ni."

"Èmi? Mo ṣe bí ìdí ìkòkò ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí kò ní eyín lẹ́nu mọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kù. Òótọ́ ni Nana sọ. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń jáde. Ìta á funfun, abẹ́ agboòrùn á ṣókùnkùn, kámẹ́rà ò sì lè rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dán iná tó wà lórí kámẹ́rà wò, wúrà gbá a padà sójú mi, ojú Nana wá ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú epo.

Ọkyeame Bediako, alágbàsọ Nana, sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

"Akwasidae tó ń bọ̀ ni Nana máa pé ogójì ọdún lórí oyè. Àwòrán ọjọ́ náà la máa gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn ààfin. Tó bá jẹ́ ìdí ìkòkò lo tún máa yà, tètè sọ, kí n ránṣẹ́ sí Desmond ní Kumasi."

"Ọkyeame, ẹ má ránṣẹ́ sí ẹnì kankan."

"Ọjọ́ méjìlélógójì péré ló kù o."

"Ó pọ̀jù fún mi."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi máa ń ṣáájú mi débi gbogbo.

Ọjọ́rú, 24.

Mo ti ọjà Adum ní Kumasi dé. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo ra fíláàṣì, iná kámẹ́rà tó ní ọrùn tó ń yí, àti ẹ̀rọ kékeré méjì tó bá a rìn, ní ẹgbẹ̀rún méjì àti ọ̀ọ́dúnrún sídì. Ọkùnrin tó tà á búra pé òun ò jèrè kọ́bọ̀. Mi ò tíì rí ọlọ́jà Adum tó jèrè rí.

Yaw, ọkọ mi, da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tó fi ń tún rédíò ṣe.

"Kí ni èyí ń ṣe?"

"Èyí máa jókòó lórí kámẹ́rà. Èyí máa wà nídìí iná. Tí mo bá tẹ kámẹ́rà, ti ọ̀hún máa pe èyí, iná á bù yẹ̀rì níbi tó bá wà, kódà kó wà lẹ́yìn ilé. Kò sí okùn láàárín wọn."

"Rédíò lo rà nìyẹn."

"Fíláàṣì ni."

"Rédíò tí kì í kọrin. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ẹ pé iṣẹ́ mi ju tìrẹ lọ, o ò gbọ́."

Mo sọ ti orí kámẹ́rà ní Ọ̀gá, mo sọ ti ìdí iná ní Ìránṣẹ́. A jẹ kẹ́ńkè àti ẹja, a sùn.

Àbámẹ́ta, 27.

Ọ̀gá pe Ìránṣẹ́ láti aago méje títí di mọ́kànlá. Ìránṣẹ́ ò dáhùn. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo nu gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Òjò dé, mo kó gbogbo rẹ̀ wọlé, mo sì ń pèsè ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún ọkùnrin Adum yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an, ó ṣe mí láàánú pé mi ò rí i lò.

Ìgbà tí òjò dá ni Yaw gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó yí ẹ̀rọ méjèèjì dà sẹ́yìn.

"Maa Akua," orúkọ tó máa ń pè mí nílé nìyẹn, "ìkànnì wo ni Ọ̀gá rẹ wà?"

"Ìkànnì kí ni?"

"Ó wà ní ẹẹ́ta. Ìránṣẹ́ wà ní ẹẹ́jọ. Ọ̀gá ń pariwo ní Kumasi, Ìránṣẹ́ ń tẹ́tí sí Tamale."

Ó fi èékánná yí i. Mo tẹ kámẹ́rà. Iná bù, adìẹ mẹ́ta sá wọ ilé ìdáná. Mo fò mọ́ ọkọ mi lọ́rùn níta gbangba, ìyá arúgbó ilé kejì sì ní kí a rántí ọjọ́ orí wa.

Ìṣẹ́gun, 30.

Yaw ni Nana Hemaa lónìí. Mo ró aṣọ fún un, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi sí i lọ́rùn, mo gbé e jókòó sábẹ́ agbòjò ńlá tí a fi ń lọ ìsìnkú. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i. "Nana, ẹ kú orí oyè o!" Ó ń fi ọwọ́ dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n bí sí i.

Mo gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdajì ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tó kun ẹfun, ìdajì kejì ò sí. Mo wá ta agbòjò funfun tí wọ́n fi kún ọjà fún mi ní Adum, mo gbé e síwájú iná kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ó rọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lójú fèrèsé. Gbogbo ìlà ojú Yaw yọ, títí kan èyí tó ń sẹ́.

Àmọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán ń dúdú, bí ẹni pé ẹnìkan fa aṣọ bò ó. Ojú kámẹ́rà ló ń yára pa dé ju iná lọ. Mo dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdá igba ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn yanjú, ni oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo nǹkan di funfun. Mo ti gíláàsì dúdú bọ iwájú kámẹ́rà, bí ẹni tó wọ awò oòrùn. Ó bọ́ sí i. Ìṣòro mẹ́ta ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Mo mọ ara mi lọ́gàá.

Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kàrún.

Ìsìnkú bàbá oníkòkó kan lójú ọ̀nà Mampong. Aṣọ dúdú, aṣọ pupa, ojú dúdú, oòrùn ọ̀sán. Ìdánwò gidi nìyí. Mo gbé iná àti agbòjò funfun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn opó, àwòrán jáde bí mo ṣe fẹ́. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi ní ilé òkú.

Lójijì ni iná mi bẹ̀rẹ̀ sí í bù láìjẹ́ pé mo tẹ nǹkan kan. Ìránṣẹ́ mi ń jẹ́ ìpè ọlọ́pè! Mo wo ẹ̀yìn: Desmond, ọ̀dọ́mọkùnrin Kumasi yẹn, tòun ti fìlà rẹ̀. Orí ìkànnì ẹẹ́ta lòun náà wà.

"Auntie Fofie, ẹ ṣé o. Iná yín dùn lò."

"Ọmọ mi, lò ó tẹ́rùn lónìí. Ọ̀la ò sí mọ́."

Mo yí tèmi sí ẹẹ́kànlá. Ó wá bá mi nígbà tí a ń jẹun, ó fi ọ̀wọ̀ tẹríba kí mi, ó ní kí n má bínú, Ọkyeame ti pe òun. Wọ́n ní kí òun fi ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà sílẹ̀, bóyá. Mi ò lè bínú sí ọmọ náà. Ọkyeame ni mò ń bínú sí. Ọkùnrin yẹn ò dúró kí ẹyin pa kó tó máa wá ìkòkò tó máa fi se adìẹ.

Ọjọ́bọ̀, 9.

Kò sí iná láti ọjọ́ Ajé. Mo gbé bátìrì lọ gba iná ní ilé ìlagi tó ní ẹ̀rọ amúnáwá. Agbọ̀n tòmátì kan ti wọ́n ju ẹran lọ.

Àìkú, 12.



Nana gbà kí n wá dán iná wò nínú àgbàlá ààfin lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbà mẹ́fà ti jókòó. Nana wà lórí àpótí wọn. Mo gbé ọ̀pá iná dúró níwájú wọn, mo so fíláàṣì mọ́ ọn, mo sì ta agbòjò funfun mi, pàù.

Àwọn àgbà wo ara wọn lójú. Obìnrin tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Nana dáwọ́ dúró. Mo ṣe bí iná ló dẹ́rù bà wọ́n, mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n má bẹ̀rù, kì í jóni.

Ọkyeame dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí agbòjò mi.

"Fofie. Ọba wo ló jókòó sábẹ́ ìyẹn?"

"Ọkyeame, iná ni."

"Mi ò bi ẹ́ ní iná. Mo ní ta ló gbé agboòrùn dìde kojú Nana lórí ilẹ̀ Nana?"

Èmi. Èmi tí wọ́n bí sẹ́yìn ògiri ààfin. Èmi tó jẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pa agbòjò dé láti kékeré kí n tó sáré wọlé, torí pé a kì í ṣí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àgbàlá yẹn àfi èyí tó jẹ́ ti oyè. Àmọ́ torí pé orí irin ló wà, tí iná wà nínú rẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn pé agboòrùn ni. Mo ti gbé ọba mìíràn wá kojú Nana ní ilé wọn, mo sì tún ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù.

 Nana dìde, wọ́n wọlé. Àgùntàn kan àti ìgò ọtí ṣínápù méjì ni wọ́n ní kí n fi san ìtanràn. Ọkyeame ní ohunkóhun tó bá ní eegun tí a ń ta bíi ti agbòjò, kò gbọdọ̀ bá mi wọ ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́. Láìsí agbòjò funfun, iná mi á padà di ẹfun lójú Nana. Ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ajé, 13.

Mo fa àgùntàn lọ. Àgùntàn ń ké, àwọn ọmọ ilé ìwé ń tẹ̀ lé wa. Yaw ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní kó lọ sùn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́rú, 15.

Inú mi ti rọ̀. Èèyàn ò lè máa bínú kó sì máa ronú.

Láàárọ̀, mo ní kí àwọn obìnrin méjì na aṣọ funfun síwájú iná. Afẹ́fẹ́ dé, ó wé aṣọ náà mọ́ ọ̀kan nínú wọn lára, ó ní ẹ̀mí àìrí ló mú òun. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, òjò bá mi lọ́nà ọjà. Mo ta agbòjò mi, mo tan iná fóònù kí n lè rí kòtò. Bí mo ṣe dé iwájú ilé tí mò ń fi apá kan gbá ilẹ̀kùn, iná fóònù náà kọjú sókè.

"Maa Akua, dúró síbẹ̀," ni Yaw sọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Òjò ń pa mí!"

"Mo ní dúró. Gbé iná yẹn sókè báyẹn. Ojú rẹ mọ́ bíi ti ìyàwó."

Mo dúró. Mo wo òkè. Iná ń lu inú agbòjò, agbòjò ń rọra dà á padà sí mi lójú. Mo pariwo nínú òjò. Ta ló ní mo nílò agbòjò funfun? Nana ti ní tiwọn, ó tóbi tó yàrá, orí wọn gan-an ló sì wà! Kí n ṣáà so iná mọ́ ọ̀pá rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, kó kọjú sókè. Ohun tó ń sọ ojú wọn di dúdú láti ogójì ọdún ló máa tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Mo pe Yaw padà láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹran ìgbẹ́ ni mo fi se ọbẹ̀ fùfú.

Àbámẹ́ta, 18.

Antobam ló ń gbé agboòrùn Nana. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, gbogbo ìlú ń pè é ní Wọ̀fa, arákùnrin ìyá, bí ẹni pé ó bá ìyá gbogbo wa tan. Mo bá a níbi tó ti ń fi òróró pa ọ̀pá agboòrùn.

"Wọ̀fa, mo wá tọrọ nǹkan."

"Wọ́n ti gba àgùntàn lọ́wọ́ rẹ. Kí lo tún fẹ́ fi tọrọ?"

Mo ṣàlàyé. Kò wò mí.

"Agboòrùn yìí kì í ṣe aláàárù. Kò ru ẹrù rí."

"Kò wúwo, Wọ̀fa. Ẹ gbé e wò."

Ó gbé fíláàṣì náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó mi ìwọ̀n rẹ̀ wò. "Ó fúyẹ́ ju ìgbéraga rẹ lọ."

"Wọ̀fa, gbogbo nǹkan ló fúyẹ́ jù ú."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ó sì ní kí n jókòó. Ó ní ogún ọdún ni òun ti ń gbé agboòrùn yìí, tí ẹ̀yìn ń dun òun, tí àwòrán bá sì dé, àwọn èèyàn á ní agboòrùn mà dára o. Kò dun mọ́ òun nínú. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni òun ń gbé e fún. Ó ní ọwọ́ òun ò lè so ohunkóhun mọ́ ọn láìjẹ́ pé Nana rí i. Tí Nana bá ti gbà, ó parí.

Ìṣẹ́gun, 21.

Mo wọlé láìsí bàtà, láìsí ọ̀pá, láìsí ohunkóhun tó ní eegun. Ọkyeame jókòó sáàárín wa bí ògiri. Mo sọ fún un pé kó sọ fún Nana. Nana tó ń gbọ́ mi ketekete dúró kó tún un sọ tán.

"Bi í léèrè, ṣé nǹkan náà máa jó mi?"

"Nana ní ṣé ó máa jó àwọn?"

"Ẹ sọ fún Nana pé rárá."

"Ní kó tàn án kí n rí i."

Mo kọjú fíláàṣì sí òrùlé, mo tẹ Ọ̀gá. Iná bù. Ọkyeame fò sókè, ọ̀pá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nana rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n tún ní kí n tún un ṣe, ojú Ọkyeame ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe iná.

Wọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀ tààrà. "Fofie, àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Hamburg gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri. Wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní Nana, agboòrùn yín mà rẹwà o." Wọ́n fa aṣọ wọn mọ́ra. "Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Jẹ́ kí wọ́n rí mi."

Wọ́n gbà. Ọkyeame tẹ̀ lé mi jáde, ó ní òun ò ní dá Desmond dúró o, kó má di pé a fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Mo ní kó jẹ́ kó wá. Ó dáa kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó máa mọ iyì ohun tí mo ṣe.

Àbámẹ́ta, 25.

Wọ̀fa so iná mọ́ ọ̀pá, ó ta agboòrùn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Nítorí pé kò sí ẹ̀dá tó gbọdọ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀ àfi Nana, àgbọn kan la gbé sórí àga, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tiwa. Wọ̀fa kí àgbọn náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àṣà ò lè parẹ́ lára ẹni.

Ìmọ́lẹ̀ dé ojú àgbọn, àmọ́ àgbọn pupa bí ẹni tó bọ́ sínú epo pupa. Inú agboòrùn pupa, ohun tó bá sì lù ú, pupa ló ń dà padà. Ìyẹn kan.

Èkejì: Wọ̀fa kì í dúró. Ó ń rọ orúnkún, agboòrùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àgbọn. Tó bá wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀jù. Tó bá lọ sókè tán, á bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

"Wọ̀fa, ẹ dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀."

"Agboòrùn tó bá dúró jẹ́ẹ́, òkú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé o fẹ́ pa Nana ni?"

Mi ò fẹ́ pa Nana. Mo bá kọ́ orúnkún rẹ̀. Mi ò wo agboòrùn mọ́, mi ò wo àgbọn, orúnkún Wọ̀fa ni mò ń wò láti abẹ́ kámẹ́rà. Bó bá ti na ẹsẹ̀ tán, mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà ogójì, mo gba mẹ́tàdínlógójì. Ó ní kò sí obìnrin tó tẹjú mọ́ orúnkún òun tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú.

Ìṣẹ́gun, 28.

Ti àwọ̀ pupa yanjú. Wọ̀fa fúnra rẹ̀ lọ bẹ Nana kí òun fi aṣọ funfun tẹ́ inú agboòrùn, ọdún ayọ̀ ṣáà ni, funfun la máa wọ̀. Ọkyeame ní agboòrùn pupa ni agboòrùn pupa. Wọ̀fa ní ìta rẹ̀ ṣì pupa, inú ò kan ará ìta, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni. Nana ní àwọn ò mọ̀ pé Ọkyeame máa ń yẹ àwọ̀tẹ́lẹ̀ agboòrùn wò. Ó parí síbẹ̀. Wọ̀fa ń fi ọwọ́ rán an, kò jẹ́ kí n bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ẹtì, 31.

Òjò láti àárọ̀. Bátìrì mẹ́jọ ti kún. Àgbọn funfun dáadáa báyìí, mo fẹ́ sọ pé ó dúdú dáadáa, bó ṣe yẹ kó rí. Àyà mi ò já. Ó já díẹ̀.

Àìkú, 2 oṣù Kẹfà. Akwasidae.

Oòrùn yọ bí ẹni pé a ránṣẹ́ pè é. Gbogbo ìlú wà ní funfun. Desmond dé pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kí mi, ó ń wá iná mi káàkiri. Kò rí ọ̀pá kankan. Mo rí i pé ó ń káàánú mi.

Nana jáde, wọ́n jókòó, Wọ̀fa gbé agboòrùn sókè. Mo tẹ ẹyọ kan, iná bù nínú lọ́hùn-ún, ojú Nana yọ nínú gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó dára. Àmọ́ wọ́n ṣì ń wo ilẹ̀. Mo ní kí n dúró de ìgbà tí wọ́n bá gbé ojú sókè kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó ti Hamburg dé.

Ni àwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ta ọtí sílẹ̀, wọ́n pe àwọn tó ti lọ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ka ogójì ọdún, wọn ò fo ọ̀kan. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ wá ń bọ̀, tí Nana gbé ojú sókè, mo wo orúnkún, mo tẹ̀ ẹ́.

Òkùnkùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìdí ìkòkò.

Ìránṣẹ́ ti sùn. Bó bá pẹ́ tí a ò pe iná yẹn, á pa ara rẹ̀ kí bátìrì má baà tán, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ èèyàn nìkan ló lè jí i, èmi ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ abẹ́ agboòrùn.  Wọ̀fa ń wò mí. Mo gbé àtàǹpàkò sókè láti fi hàn án pé kó tẹ bọ́tìnnì, mo wá rántí pé èébú ni àtàǹpàkò lójú àgbàlagbà Asante, mo yára ká a kó tó di àgùntàn kejì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo di ojú, mo hanrun níwájú gbogbo ìlú. Ọkyeame wò mí bí ẹni tó ya wèrè.

Wọ̀fa rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò dá orúnkún dúró. Ó na ọwọ́ òsì sókè lọ́pàá, ó ń tẹ ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Mo rí iná pupa kékeré tó tàn. Àwọn ọmọ-ọmọ ti dé iwájú Nana, àbígbẹ̀yìn wọn ti fọwọ́ kan orúnkún wọn, Nana gbé ojú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ̀fa na ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tún wò ó mọ́. Desmond wá yọjú lẹ́yìn mi, ó wo agboòrùn, ó tún wo àwòrán, ó bọ́ fìlà.

"Auntie, níbo ni iná wà?"

"Ọmọ mi, lọ béèrè lọ́wọ́ àgbọn."

Ajé, 3.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí páálí ńlá, mo gbé e lọ. Ọkyeame ló kọ́kọ́ wò ó. Ó gbé e fún Nana pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì mọ̀ pé a ti gbà á.

Nana béèrè gíláàsì wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí a gbé e sún mọ́ àwọn. Wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ orí páálí náà, wọ́n fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

"Ìyá mi rèé," ni wọ́n sọ.

Ọkyeame rẹ ohùn sílẹ̀. "Nana, ẹ̀yin ni."

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Ọjọ́ orí tí wọ́n fi lọ ni mo wà yìí. Ìwọ ò mọ̀ wọ́n dáadáa, Bediako, ọmọdé ni ọ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n wà lórí oyè yìí, àwọn ayafọ́tò ya wọ́n títí, agboòrùn ló ń yọ. Mo ti ń wá ojú wọn kiri, mo ti gbàgbé bó ṣe rí."

Omijé ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Èmi náà sunkún, mi ò fi pamọ́.

"Ẹ gbé e kọ́ sí àyè ìyá mi tó ṣófo nínú gbọ̀ngàn."

"Nana, àyè tiyín la kan ìṣó sí."

"Ẹ jẹ́ kí ìṣó yẹn dúró. Èmi ṣì wà láàyè. Fofie á ya tèmi ní Akwasidae tó ń bọ̀."

Ọkyeame fúnra rẹ̀ ló lọ wá òòlù.